Rírí Ìwé Lójú Ẹ̀rọ: Ohun tí Kọ̀ǹpútà Yí Padà Nílé Ìkàwé àti Ohun tí Ó Kù fún Wa

Àsọyé tí Lèmọ́mù ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn òbí ní Ìkéjì-Arákéjì, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

  

Ìbéèrè kan ni ó bí àsọyé tí mo fẹ́ ṣe lónìí. Àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń bi mí pé, nígbà tí fóònù ti wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, kí ni a tún ń fi ilé ìkàwé ṣe? Wọ́n ní ohun gbogbo ti wà nínú ẹ̀rọ, pé kí ènìyàn ṣáà ti tẹ ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta, ìdáhùn yóò jáde. Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, n kò sì ní fi ìbínú dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá dá a lóhùn dáadáa ní láti mọ bí ẹ̀rọ ṣe wọ ilé ìkàwé, ohun tí ó bá níbẹ̀, ohun tí ó yí padà, àti ohun tí ó fi sílẹ̀ bí ó ṣe bá a. Èyí tí ó fi sílẹ̀ yìí gan-an ni ó kàn wá jù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, n óò sì dé ibẹ̀ kí n tó jókòó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé kíkó ìwé jọ nìkan kò sọ ibì kan di ilé ìkàwé. Bí ẹnì kan bá ní ẹgbẹ̀rún ìwé nínú yàrá, tí kò sí ọ̀nà tí àlejò fi lè mọ èyí tí ó wà níbẹ̀ àti ibi tí ó wà, àká ìwé lásán ni ó ní. Atọ́ka ni ó ń sọ ọ́ di ilé ìkàwé. Àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí ìgbàanì mọ èyí dájú. Ní ọdún 377 lẹ́yìn Hijira, èyí tí í ṣe nǹkan bí ọdún 987, olùtàwé kan ní Bagdad tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ibn al-Nadim kọ ìwé tí ó pè ní al-Fihrist, níbi tí ó ti to orúkọ àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn ìwé tí ó wà ní èdè Lárúbáwá lẹ́sẹẹsẹ. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé tí ó dárúkọ ni ó ti parun. Nítorí pé ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ni a fi mọ̀ pé wọ́n ti wà rí.

Ní ayé tiwa yìí, Muhammad Fu'ad Abd al-Baqi ní ilẹ̀ Íjíbítì tẹ ìwé atọ́ka àwọn ọ̀rọ̀ inú Àlùkùráánì jáde ní ọdún 1945, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá rántí ọ̀rọ̀ kan péré nínú àáyà lè rí súrà tí ó ti jáde. Ti Hádíìsì ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ tí ó wà lẹ́yìn Wensinck ní ìlú Leiden, ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ atọ́ka ìwé Hádíìsì mẹ́sàn-án jáde ní ọdún 1936. Ọdún 1969 ni ìdìpọ̀ keje tó jáde, Wensinck fúnra rẹ̀ sì ti kú láti 1939. Iṣẹ́ ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìwé pélébé ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí, tí wọ́n sì ń tò ó lẹ́yọ lẹ́yọ. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan lónìí, iṣẹ́ kan náà ni.

Nígbà tí èmi wọ yunifásítì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, káàdì ni atọ́ka tí a bá. Bí ènìyàn bá wọ ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí Hezekiah Oluwasanmi ní Ilé-Ifẹ̀, àpótí onígi tí ó ní dúrọ́ọ̀ kéékèèké ni yóò kọ́kọ́ wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kan pé ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, aládùúgbò wa níhìn-ín, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oluwasanmi tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ti Ifẹ̀ yẹn. Òun ni ọ̀gá àgbà yunifásítì náà láti 1966 di 1975, lójú rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe kó kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Ti Ìbàdàn dàgbà jù ú. Láti ọdún 1950 ni òfin ti wà pé kí wọ́n máa fi ẹ̀dà ìwé tí a bá tẹ̀ ní Nàìjíríà ránṣẹ́ sí ibẹ̀, nígbà tí a kò tíì ní Ilé Ìkàwé ti Ìjọba Àpapọ̀, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964.

Káàdì náà kò fẹ̀ ju ínṣì mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Ìwé kan lè ní káàdì mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀kan fún orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, ọ̀kan fún orúkọ ìwé, ọ̀kan fún ohun tí ìwé náà dá lé lórí. Nọ́ńbà kan wà ní igun rẹ̀ tí yóò mú ọ dé orí pẹpẹ tí ìwé náà wà. Ọgbọ́n ńlá ni, kò sì nílò iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n iye ilẹ̀kùn tí ẹni tí ó tẹ káàdì bá ṣí sílẹ̀ ni ìwọ òǹkàwé lè gbà wọlé. Bí o bá rántí ọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín orúkọ ìwé, tí o kò rántí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, o ti há. Bí o bá ń wá ìwé tí ó sọ̀rọ̀ nípa kòkó àti nípa àwọn obìnrin oníṣòwò pọ̀, ìwọ ni yóò ka gbogbo káàdì kòkó, tí yóò ka gbogbo káàdì obìnrin, tí yóò sì máa fi orí rẹ mú wọn pàdé. Ẹni tí ó wà ní Ìkéjì kò sì lè mọ ohun tí ó wà ní Ìbàdàn àfi bí ó bá wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìrìn-àjò nítorí ìmọ̀. Àwọn olùgba Hádíìsì rin jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn rìnrìn-àjò láti lọ gbọ́ pé ìwé kò sí, ìyẹn dunni.

Amẹ́ríkà ni ìyípadà náà ti bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ilé Ìkàwé Ìṣègùn wọn ti ń tẹ atọ́ka àròkọ àwọn dókítà jáde láti ọdún 1879. Nígbà tí ó di 1964, àròkọ ti pọ̀ ju agbára ènìyàn lọ, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Dókítà yóò kọ ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́, àwọn tí wọ́n mọ èdè ẹ̀rọ yóò bá a béèrè, èsì yóò sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní 1971 wọ́n dá èyí tí wọ́n pè ní MEDLINE sílẹ̀, tí ilé ìkàwé ọ̀nà jíjìn fi lè gba okùn tẹlifóònù béèrè kí ó sì rí èsì lójú ẹsẹ̀.

Ní àkókò kan náà, obìnrin kan, Henriette Avram, tí ó jẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí kò kọ́ iṣẹ́ ilé ìkàwé tẹ́lẹ̀, darí iṣẹ́ kan ní Library of Congress láti nǹkan bí ọdún 1966. Òun ni ó ṣe ètò tí a ń pè ní MARC. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí. Bí ojú ènìyàn bá rí káàdì, ó mọ̀ fúnra rẹ̀ pé orúkọ ènìyàn nìyí, orúkọ ìwé nìyí, ọdún nìyí. Ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀. Lẹ́tà lásán ni gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀. MARC fi àmì sí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé a lẹ ìwé pélébé mọ́ igbá kọ̀ọ̀kan lọ́jà: gààrí nìyí, ẹ̀wà nìyí, èlùbọ́ nìyí. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ ti lè wá orúkọ láàárín orúkọ, kí ó má dà á pọ̀ mọ́ àkọlé.

Èrè rẹ̀ kò pẹ́ hàn. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìpínlẹ̀ Ohio kó ara wọn jọ ní 1967, wọ́n dá OCLC sílẹ̀. Nígbà tí ó di 1971, bí ilé ìkàwé kan bá ti ṣàpèjúwe ìwé lẹ́ẹ̀kan, àwọn yòókù lè mú àpèjúwe náà lò, wọn kò sì ní láti tún un ṣe mọ́. OCLC yìí náà ni ó ń bá àwọn ilé ìkàwé tẹ káàdì, títí di oṣù kẹwàá ọdún 2015 tí ó tẹ èyí tí ó kẹ́yìn.

Báwo ni ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ìgbà tí ó le ni ó dé. Ní 1986 ni náírà bẹ̀rẹ̀ sí í wó, owó tí ilé ìkàwé yunifásítì fi ń ra ìwé láti òkè òkun kò sì lè ra ìdajì ohun tí ó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn jọ́nà, ìyẹn àwọn ìwé ìròyìn tí àwọn onímọ̀ fi ń gbé ìwádìí tuntun jáde, dẹ́kun wíwá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá rìn láàárín pẹpẹ wọn lẹ́yìn náà yóò rí i bí ìdìpọ̀ ṣe tò títí dé àárín àwọn ọdún 1980, tí ó sì gé ṣáńṣán. Inú ọ̀dá yìí ni kọ̀ǹpútà wọlé sí.

UNESCO ti ṣe ètò kan fún kọ̀ǹpútà kékeré ní 1985, CDS/ISIS ni orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń fún àwọn ilé ìkàwé ilẹ̀ tí kò lówó lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ìwé ní Nàìjíríà ni ó fi ètò yìí kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Àjọ tí ń mójú tó yunifásítì, NUC, fi owó tí ìjọba yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé ra ètò mìíràn, TINLIB, láti Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ títẹ káàdì sínú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò yá. NEPA a mú iná lọ, ohun tí a tẹ̀ tí a kò tíì fi pamọ́ a sọnù, a óò tún un tẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwo sídíì ni ó ṣe ìyanu jù lọ, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Àwo kan ṣoṣo, tí kò wúwo tó ẹyin, lè gba ohun tí ó ju 200,000 ojú ìwé lọ. Láti nǹkan bí 1985 ni wọ́n ti ń tẹ atọ́ka ìmọ̀ sórí rẹ̀. Ìdí tí ó fi bá Áfíríkà mu ni pé kò nílò okùn tẹlifóònù. Ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lè tẹ̀ láago bá kọ̀ǹpútà ńlá kí wọ́n sì san owó lórí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Níhìn-ín, ta ni yóò gbé tẹlifóònù tí yóò dún? Àwo ní tirẹ̀, a san owó rẹ̀ fún ọdún kan, a sì lè wá ohun tí a fẹ́ nínú rẹ̀ ní ìgbà àìmọye láìsan kọ́bọ̀ sí i.

Ibùdó Ìwádìí Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti IITA ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó ní orílẹ̀-èdè wa, ní òpin àwọn ọdún 1980. Ẹ fojú inú wo onímọ̀ kan tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí kòkòrò funfun tí ó ń fa omi ara ẹ̀gẹ́, irú èyí tí ó ba oko jẹ́ káàkiri Áfíríkà láti àwọn ọdún 1970. Àwọn àwo AGRICOLA láti Amẹ́ríkà, CAB láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti AGRIS ti àjọ FAO wà fún irú iṣẹ́ rẹ̀. Yóò ní kí ẹ̀rọ kó gbogbo àròkọ tí ó mẹ́nu ba ẹ̀gẹ́ jọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún yóò jáde. Yóò ní kí ó kó gbogbo èyí tí ó mẹ́nu ba kòkòrò náà. Lẹ́yìn náà ni yóò ní kí ó mú kìkì èyí tí ó wà nínú méjèèjì, kí ó sì yọ èyí tí ó ti pẹ́ ju ọdún mẹ́wàá lọ kúrò. Ohun tí ó kù lè má ju ogójì lọ. Iṣẹ́ oṣù kan lójú káàdì ti parí kí omi tíì tó hó lórí iná. Èyí ni mo ní kí ẹ fi wé ìwé pélébé àwọn ará Leiden.

Ohun kan tún yí padà tí àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí. Tẹ́lẹ̀, olùtọ́jú ìwé ni ó ń bá òǹkàwé wá nǹkan. Kí ó tó wá a, yóò bi í léèrè: kí ni o fẹ́ fi ṣe? Kí ni o ti kà? Lẹ́nu ìbéèrè yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ fi máa ń mọ̀ pé ohun tí òun ń béèrè kọ́ ni òun ń wá. Nígbà tí àwo dé, òǹkàwé jókòó sídìí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ó rí òmìnira gbà, mo sì bá a yọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè olùtọ́jú ìwé dákẹ́. Ní tèmi o, ohun tí a pàdánù níbẹ̀ pọ̀. Títí di òní, ẹ̀rọ ń dáhùn ohun tí a bi í. Kò bìkítà bóyá ohun tí ó yẹ kí a bi í nìyẹn.

Àìsàn kan sì bá oògùn náà wá. Atọ́ka ni ó wà lórí púpọ̀ nínú àwọn àwo wọ̀nyí, pẹ̀lú àkékúrú ọ̀rọ̀ inú àròkọ. Àròkọ náà gan-an wà nínú jọ́nà, jọ́nà náà sì ni náírà kò lè rà mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò tẹ ogójì àkọlé jáde, yóò gbé e lọ sí orí pẹpẹ, márùn-ún ni yóò bá. Kí ó tó dé ìdí ẹ̀rọ, kò mọ ohun tí kò ní. Nísinsìnyí ó mọ̀ ọ́n ní orúkọ, ní ọdún àti ní ojú ewé, kò sì rí i kà. Àwọn kan ń kọ̀wé sí òǹkọ̀wé lókè òkun láti tọrọ ẹ̀dà. Àwọn mìíràn, kí Ọlọ́hun foríjì wọ́n, ń dárúkọ àròkọ tí wọn kò kà rí nínú iṣẹ́ ìwádìí wọn, bí ẹni pé wọ́n ti kà á. Irọ́ ni èyí, àtọ́ka tí ó yá kánkán ni ó sì mú kí irọ́ náà rọrùn.

Ìwòsàn díẹ̀ wá lẹ́yìn náà. Ní 1999, Yunifásítì Cornell kó odidi àròkọ inú jọ́nà iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó lé ní 100 sórí àwo, wọ́n pè é ní TEEAL, wọ́n sì ń tà á ní ẹ̀dínwó fún ilẹ̀ tí kò lówó. Ní 2002, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣí HINARI fún jọ́nà ìṣègùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2003, AGORA tẹ̀ lé e fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Yunifásítì Joseph Ayo Babalola tí ìjọ CAC dá sílẹ̀ ní ìlú wa níhìn-ín ní 2006 dé bá ayé tí èyí ti wà. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń lọ síbẹ̀ kò mọ irú ọ̀dá tí mo ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ẹ̀rọ kò rí. Kóòdù tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ fún kọ̀ǹpútà ní 1963, tí a ń pè ní ASCII, àyè 128 péré ni ó ní, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n ṣe é fún. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, kò sí àmì ohùn. Nítorí náà, nígbà tí a ń tẹ káàdì ìwé Yorùbá sínú ẹ̀rọ, a bọ́ aṣọ kúrò lára ọ̀rọ̀ wa. Ẹni tí ó bá wá ìwé nípa owó, ẹ̀rọ yóò kó owó, òwò, ọwọ́, ọ̀wọ̀ àti ìlú Ọ̀wọ̀ fún un pọ̀. Láti 1991 ni Unicode ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún èdè gbogbo ní àyè tirẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀nà méjì ni a lè gbà tẹ lẹ́tà tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀. Ojú rí i ní ọ̀kan náà, ẹ̀rọ tí a kò kọ́ yóò sì kà á sí méjì. Ẹni tí ó tẹ ẹ̀gẹ́ tàbí gbágùúdá sínú àwọn àwo ayé ọjọ́un kò lè rí nǹkan kan, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ níbẹ̀.

Ti orúkọ àwọn ààfáà wa tún wà. Shaykh Adam Abdullah al-Ilori, olùdásílẹ̀ Markaz tí ó wà ní Agége, tí ó kú ní 1992, kọ ọ̀pọ̀ ìwé ní èdè Lárúbáwá, al-Islam fi Nijiriya sì wà lára wọn. Lẹ́tà Òyìnbó ni káàtálọ́ọ̀gì wa ń lò. Ọ̀kan kọ orúkọ rẹ̀ ní al-Ilori, ọ̀kan al-Iluri, ọ̀kan al-Ilory. Lójú ẹ̀rọ, ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n. Ẹni tí ó wá ọ̀kan yóò gbà pé ìwé tí òun rí ni gbogbo ìwé Shaykh náà. Àfi bí olùtọ́jú ìwé kan bá jókòó, tí ó mọ̀ ọ́n, tí ó sì so orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ìmọ̀ ènìyàn ni yóò ṣe ìyẹn.

Ohun tí a fi ẹ̀rọ pamọ́ kì í sì í pẹ́ bí a ṣe rò. Àwọn dísíkẹ́ẹ̀tì tí a fi ń kó iṣẹ́ pamọ́ ní àwọn ọdún 1990, níbo ni ẹ ó ti rí ẹ̀rọ tí yóò kà wọ́n lónìí? Ilé iṣẹ́ Sakhr tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Kuwait ní 1982 ṣe àwo Hádíìsì mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án ní àwọn ọdún 1990, inú wa dùn sí i púpọ̀. Àwo náà lè wà láìní ẹ̀gbin kankan, kọ̀ǹpútà òde òní kò sì ní lè ṣí ètò inú rẹ̀. Láti 2005 ni al-Maktaba al-Shamela ti gba ipò rẹ̀, ó sì wúlò gan-an. Ṣùgbọ́n àṣìtẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dájọ́ níláti padà síbi ìwé títẹ̀. Jọ́nà orí íntánẹ́ẹ̀tì náà, bí ẹni tí a yá ilé fún ni a rí sí i: ọjọ́ tí owó kò bá wọlé mọ́, a ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Ìdìpọ̀ ọdún 1975 ṣì wà lórí pẹpẹ ní tirẹ̀.

Mo ti dé ibi tí mo ní n óò dé. Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, láti Ibn al-Nadim títí dé orí fóònù, ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ mú ìwé náà dání, kí ó wò ó, kí ó sì kọ ohun tí ó jẹ́ sílẹ̀. Ìwé tí kò sí ẹni tí ó ṣe èyí fún kò sí lójú ẹ̀rọ kankan láyé. Ẹ wá wo ilé wa. Àwọn bàbá wa lọ kéwú ní Ìlọrin, ní Ìbàdàn, ní Ìwó. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn da ìwé kọ, wọ́n kọ ìtàn ìdílé, wọ́n kọ wáàsí ní èdè Yorùbá pẹ̀lú lẹ́tà Lárúbáwá, wọ́n kọ ọjọ́ tí a bí ọmọ àti ọjọ́ tí ọba wàjà. Ìwé wọ̀nyí wà nínú àpótí irin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti nínú àpò awọ lórí àjà. Bàbá ti kú, ọmọ kò gbọ́ Lárúbáwá, ikán kò sì bèèrè èdè. Mo ti rí ojú ìwé bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi di àkàrà.

Àwọn kan ti ṣiṣẹ́ lórí irú èyí rí. Ní 1964, John Hunwick dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn fún ìwé Lárúbáwá. Wọ́n ń yá ìwé lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, wọ́n ń ya á sí fíìmù, wọ́n sì ń dá a padà fún wọn. Ọkùnrin yìí náà ló wà nídìí ìwé atọ́ka ńlá tí ó jáde ní Leiden ní 1995, tí ó to àwọn ààfáà ilẹ̀ Nàìjíríà àti iṣẹ́ wọn, títí kan ti Ìlọrin, ti Ìbàdàn àti ti Èkó. Ní Timbuktu, Abdel Kader Haidara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wá ìwé kiri ilé àwọn ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ogun dé ní 2012, wọ́n mọ ibi tí ìwé wà, wọ́n kó wọn sínú àpótí, wọ́n gba orí ilẹ̀ àti orí omi gbé wọn lọ sí Bamako ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n ti ń ya àwòrán wọn láti ìgbà náà, ẹni tí ó wà ní Ìkéjì sì lè rí púpọ̀ nínú wọn lórí fóònù. Ìwé Timbuktu wà lórí fóònù ọmọ Ìkéjì. Ìwé bàbá bàbá rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín ni pé kí ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ kan àti bírò wá ní Sátidé tí ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. A óò bẹ̀rẹ̀ láti ilé tí wọ́n bá gbà wá láyè, a kò sì ní gbé ìwé ẹnikẹ́ni kúrò nílé rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má bẹ̀rù pé a óò gba ogún yín. Ohun tí a óò kọ nípa ìwé kọ̀ọ̀kan kò pọ̀: orúkọ ìdílé tí ó ni ín, iye ojú ìwé, ìlà àkọ́kọ́ àti ìlà ìkẹyìn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà, nítorí púpọ̀ nínú wọn kò ní àkọlé. Ẹ wo ìparí dáadáa. Ibẹ̀ ni adàwékọ sábà máa ń kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó parí iṣẹ́ sí. Lẹ́yìn èyí ni a óò fi fóònù ya àwòrán, ojú ìwé kan lẹ́yìn òmíràn, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán.

Ẹ má fi ṣẹ́lótéèpù lẹ èyí tí ó ya. Ẹ má sá a sí oòrùn. Ìwé wọ̀nyí kò ní ìrán, ewé wọn wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá ti dàrú, ẹ má fi ìkánjú tò wọ́n. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé, ní igun apá òsì: adàwékọ a máa kọ ọ̀rọ̀ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ojú ìwé tí ó kàn síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni a óò máa tẹ̀ lé. Ẹni tí kò gbọ́ Lárúbáwá lè fi ojú bá wa wá lẹ́tà tí ó jọra, àwọn ọmọ ilé kéwú yóò sì máa kà á fún un.